Ọjọ́ Tí A Bá Ọ̀gá Sọ̀rọ̀ Lórí Ìdúró

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa á ti mọ̀ pé èmi àti sùúrù ò jọ ṣọ̀rẹ́. Ọkọ mi máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n ń pín sùúrù lọ́run, ó ní láti jẹ́ pé mo wà níbì kan tí mò ń bá èèyàn fa ọ̀rọ̀. Kò parọ́ mọ́ mi. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá gbójú lé ṣénjì mi ní Ìyànà Ìbà, gbogbo ibùdókọ̀ ló máa gbọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi níléeṣẹ́ fi dìbò yàn mí sínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹni tí ẹnu ẹ̀ mú. Èmi náà sì gbà pé iṣẹ́ mi nìyẹn: kí n wọlé tọ ọ̀gá lọ, kí n pariwo, kí ọ̀gá gbọ̀n, kí n jáde. Ohun tí ojú mi wá rí lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí títí dòní, bí mo bá ti rántí ẹ̀, orí mi máa ń wú.

Àga la ń ṣe níléeṣẹ́ wa. Àga oníke, àwọn funfun àti aláwọ̀ búlúù tí ẹ máa ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé kéú, níwájú ṣọ́ọ̀bù. Òkòkòmáíkò ni iléeṣẹ́ náà wà, téèyàn bá ti sọ̀ kalẹ̀ lójú títì márosẹ̀ Àgbádárìgì tó rìn wọnú díẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà náà, Àlàbá ni wọ́n ń kó o lọ. Ẹ̀rọ ńlá á pọ àga jáde ní gbígbóná, àwa obìnrin á gbà á, a á fi bíléèdì gé etí ike tó yọ jáde lára ẹ̀, a á nù ún, a á tò ó léra wọn. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àga la ń gbé sókè, àga la ń sọ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kankan nínú wa tó gbọ́dọ̀ fìdí kan ọ̀kan. Òfin ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jókòó lẹ́nu iṣẹ́. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa pé àwa la dà bí alásè tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́, nítorí ẹsẹ̀ ń dun gbogbo wa.

Ẹ má rò pé ìkà lọ̀gá o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, àgbàlagbà tí irun orí wọn ti funfun báláú. Àlàbá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹrù ni wọ́n ń rù fún àwọn oníṣòwò kí Ọlọ́run tó gbé wọn sókè. Bí ọ̀kan nínú wa bá bímọ, wọ́n máa ń fi nǹkan ránṣẹ́. Àmọ́ wọ́n gbà tọkàntọkàn pé ẹni tó bá ti jókòó, oorun ló ń wá, àti pé ìdúró ló sọ àwọn dèèyàn. Ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ báyẹn, ariwo ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Obìnrin kan wà láàrin wa tí gbogbo wa ń pè ní Ìyàwó, nítorí òun ló kéré jù, kò sì tíì pẹ́ tó wọlé ọkọ, ní ìdílé ọmọ onílẹ̀ kan ní Ọ̀jọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í gbóhùn sókè. Oyún àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn, ó sì ti yọ síwájú dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú gan-an, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Àga tó fẹ́ gé etí ẹ̀ náà ló gbé kalẹ̀, ló bá jókòó lé e. Kò tíì mí kanlẹ̀ tán tí máníjà fi yọ lẹ́nu ọ̀nà. Máníjà yìí kéré lọ́jọ́ orí sí ọ̀pọ̀ nínú wa, àmọ́ bàtà ẹ̀ máa ń dún kò-kò-kò ṣáájú ẹ̀. Ó ní, “Ọjà tí a fẹ́ tà lo fìdí lé? Máa lọ sílé ẹ. Má padà wá.” Ó parí síbẹ̀. Kò sí ìkìlọ̀, kò sí pé kí ló ṣe é.

Inú bí mi gan-an. Mo ju bíléèdì sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí gbogbo wa jáde, ká ti géètì, ká wo ẹni tó máa ṣe àga fún wọn. Àwọn kan ti ń tú épúrọ́ọ̀nù. Bí Alága ṣe yọ sí wa nìyẹn.

Alága ẹgbẹ́ wa jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan, pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó ti wà níléeṣẹ́ náà láti ìgbà tó jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ àtíbàbà. Iṣẹ́ kan náà làwa àtàwọn jọ ń ṣe. Wọn ò sọ pé àwọn jẹ́ alága káwọn má gé ike. Ohùn wọn kéré, o gbọ́dọ̀ dákẹ́ kó o tó lè gbọ́ ọ. Wọ́n ní, “Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín.”

Mo ní, “Màmá, ṣé ẹ ò rí ohun tí wọ́n ṣe fún Ìyàwó ni?”

“Mo rí i. Ìwọ, ṣé ìjà lo fẹ́ jà ni, àbí o fẹ́ kí Ìyàwó padà síṣẹ́?”

Ká sòótọ́, méjèèjì ni mo fẹ́, ìjà ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ jà.

Nírọ̀lẹ́, Alága kó àwa ìgbìmọ̀ jọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn géètì. Wọ́n ní a máa kọ́kọ́ béèrè ìpàdé lọ́wọ́ ọ̀gá, kí tọ̀tún tòsì jọ fojú kojú. Bí kò bá yanjú, àwọn àgbà ẹgbẹ́ láti olú ilé máa wá. Bí ìyẹn ò bá tún yanjú, a ó lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń làjà láàrin òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ló kẹ́yìn pátápátá. Mo ní kí ló dé tí kò lè ṣáájú. Alága ní, “Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ ọ̀bẹ, tọ́rọ̀ bá wá le, kí ló tún fẹ́ yọ?” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ohun méjì la fẹ́ béèrè: kí Ìyàwó padà, kí wọ́n sì jẹ́ káwọn tó ń gé ike máa rí nǹkan jókòó lé. Alága wá fún wa ní òfin méjì. Èkíní, ẹnu kan ló máa sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé. Wọ́n wò mí nígbà tí wọ́n sọ ìyẹn, gbogbo èèyàn náà sì wò mí. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má lọ bẹ ọ̀gá. “Bíbẹ̀ dáa,” wọ́n ní, “àmọ́ tá a bá bẹ̀bẹ̀ lórí èyí, a ti gbà pé Ìyàwó ṣẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ ìjókòó ti kú. Ìyàwó ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.” Ìyàwó wà níbẹ̀, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ó gbọ́ o, kò sì sí etí tó di nínú wa lọ́jọ́ náà.

Nígbà ìpàdé àkọ́kọ́, kí á tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, Alága fi orógbó kan lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Fi í sẹ́rẹ̀kẹ́. Má gé e títí a ó fi jáde.” Ẹ wo ìwọ̀sí! Mo fi í sẹ́rẹ̀kẹ́ ṣá. Ọ̀gá gbọ́ ọ̀rọ̀ wa dé ìparí. Máníjà ní òfin lòfin, pé táwọn bá gba ti ẹnì kan, gbogbo wa la máa sùn lọ sórí ọjà. Ẹnu mi ń yún mi, orógbó ò jẹ́ kí n là á. Ọ̀gá fọwọ́ pa irùngbọ̀n wọn, wọ́n ní káwọn lọ rò ó, ká padà wá lọ́jọ́ Ajé. Bí a ṣe jáde, Alága ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ rò ó, ilẹ̀kùn ẹ̀ ò tíì tì.

Àṣé nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wa. Ìyàwó délé, ó sọ bọ́rọ̀ ṣe rí fún ọkọ ẹ̀, ọkọ sọ fáwọn bàbá ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Nílẹ̀ Yorùbá, kí ọmọ ní aáwọ̀ pẹ̀lú àgbà, kí ẹbí ká ọwọ́ gbera? Wọ́n á ní ọmọ náà ò lẹ́nìkan. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn bàbá náà múra, agbádá sí ọ̀tún, fìlà sí òsì, wọ́n mú Ìyàwó dání, ó di ilé ọ̀gá ní ẹ́síteeti Ìbà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìsì. Wọ́n ní ọmọ ló ṣe é, àgbà kì í bínú jù, kí ọ̀gá fi ojú àánú wò ó. Ìyàwó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn lọ́wọ́, ó ṣèlérí pé òun ò ní jókòó lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ láyé òun. Inú ọ̀gá dùn. Wọ́n gbé mọ́ọ̀tì fún gbogbo wọn.

Ẹnu géètì ni Ìyàwó ti sọ ọ́ fún wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀rín lẹ́nu ẹ̀, torí ó rò pé ìròyìn ayọ̀ lòun mú wá. Olúwa mi ò! Mo fẹ́ gbé e mì. Mo ní, “Ṣé kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?” Ẹ̀rín náà kú lójú ẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Àwọn bàbá ọkọ mi ni. Ṣé kí n ní mi ò lọ ni?” Èmi náà, táwọn àna mi bá gbéra pé ó yá, ṣé màá jókòó sílé ni? Ta ló tó bẹ́ẹ̀?

Alága ò bú u. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé, bí ẹni tó ń ro nǹkan. Wọ́n ní, “Kí lo ṣèlérí?”

“Pé mi ò ní jókòó mọ́, mà.”

“Ó dáa. Ìlérí ni. Má yẹ̀ ẹ́ o.”

Ìrètí mi pin. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: Ìyàwó á padà síṣẹ́, á sì máa dúró bí gbogbo wa ṣe ń dúró, òòyì á tún kọ́ ọ, àfàìmọ̀ kó má ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú oyún yẹn. Kò sì sí ẹni tó máa lè tún gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ àga níléeṣẹ́ náà mọ́, torí àwọn àgbà ti dọ̀bálẹ̀ lé e lórí.

Alága tún fi orógbó lé mi lọ́wọ́, mo fi í sẹ́rẹ̀kẹ́, a sì wọlé. Ọ̀gá ń dúró dè wá tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àga aláwọ wọn tó ń yí ni wọ́n jókòó sí, máníjà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ti to àga oníke tiwa fún wa síwájú tábìlì: Alága, èmi, Ìyàwó. A jókòó. Ọ̀gá ní, “Ẹ rí i, ẹni tó bá mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Ìyàwó ti kúnlẹ̀. Mo ti dárí jì í. Kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí olónìí.” Wọ́n wá na ọwọ́ méjèèjì. “Ẹjọ́ àga tí ẹ ń sọ, níbo ló tún kù? Ẹni tó ni ẹ̀ṣẹ̀ ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀.”

Máníjà rẹ́rìn-ín músẹ́. Háà, ká ní wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú ọkùnrin yẹn níta!

Alága ní, “Ẹ ṣé gan-an, sà. Tí a bá bẹ àgbà tí àgbà gbẹ̀bẹ̀, ọpẹ́ ló kù. A dúpẹ́.” Ni wọ́n bá rọra dìde. “Àmọ́, sà, tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ìjókòó, débi tí àwọn àgbààgbà fi dọ̀bálẹ̀ tìtorí ẹ̀, a jẹ́ pé àwa náà ń ṣẹ̀ yín lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Òṣìṣẹ́ yín ni wá, àsìkò iṣẹ́ la sì wà. Ẹ jẹ́ ká bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìdúró.”

Wọ́n fi ojú pè wá. Èmi dìde. Ìyàwó di tábìlì mú, òun náà dìde.

Ọ̀gá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ jókòó jàre. Ọ́fíìsì mi nìyí.”

“Ọ́fíìsì yín ni, sà. Àga yín náà sì ni.”

Kò sí yẹ̀yẹ́ nínú ohùn wọn rárá. Bí ẹni ń kí ọ̀gá ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ sì mọ̀ pé àwa kì í gbàlejò lórí ìdúró. Bí èèyàn bá wọlé tọ̀ ọ́, àga lo máa kọ́kọ́ nà sí i, kó o tó bi í pé ṣé kò sí o. Mo rí i pé ara ń ni ọ̀gá. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo fèrèsé, ojú wọn wá bọ́ sára ikùn Ìyàwó. Wọ́n ní, “Ìyàwó, ó yá, ìwọ jókòó. Ìwọ lóyún.”

Ìyàwó tẹ orúnkún díẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, sà. Mo ti ṣèlérí fún yín nílé yín pé mi ò ní jókòó mọ́.”

Yéè! Ọmọ tí kì í gbóhùn sókè! Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní èsì yẹn. Kò sọ ọ́ tẹ̀gàntẹ̀gàn, kò wo ọ̀gá lójú. Ìlérí ló ṣe, ó sì ń mú un ṣẹ. Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ láti ibi iṣẹ́ wa lọ́hùn-ún, táwọn yòókù ń gé ike lọ.

Inú wá bí ọ̀gá. Wọ́n lu tábìlì. “Ẹ rò pé mi ò lè dúró ni? Èmi tí mo dúró ní Àlàbá láti òwúrọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú ẹrù lórí?” Wọ́n ti àga aláwọ sẹ́yìn, wọ́n dìde fìrì. Máníjà náà sáré dìde. Ó di pé gbogbo wa wà lórí ìdúró bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì.

Mo rò pé ìpàdé ti tú. Alága ní, “A mọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún wa ká gbọ́.” Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń gbé fìríìjì jáde látinú kọ̀ǹténà, bí òjò ṣe ń pa wọ́n, bí ẹrẹ̀ ṣe ń mu bàtà. Alága ń gbọ́ ọ bí ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́. Wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè: “Ẹ̀yin nìkan lẹ gbé e, sà?” “Kí lẹ fi ṣe òṣùká?” Kì í ṣe pé wọ́n ń díbọ́n. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ lóòótọ́, ọ̀gá sì mọ̀. Nígbà tí ìtàn náà sinmi díẹ̀, Alága mú ọ̀rọ̀ omi mímu wọlé. Ọ̀gá ní ìyẹn ò le, àwọn gbà. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ fèrèsé tó yẹ kí wọ́n gbé sára ògiri ẹ̀yìn wọlé. Ọ̀gá ní rárá, olè á gba ibẹ̀ wọlé. Alága ní, “A gbọ́, sà,” wọn ò sì tún padà sórí ẹ̀. Báyìí la ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kan tá a ń sọ òmíràn, tí oòrùn ń gun òkè, tí òógùn ń ṣàn lọ́rùn máníjà. Máníjà gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Bàtà tó ń dún kò-kò-kò yẹn, àṣé ó há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀rù Ìyàwó ń bà mí. Mo fi apá gbá a mú níbàdí, ó gbé ara lé mi. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo ń wo Alága pé ẹ jọ̀ọ́, ó tó, ẹ jẹ́ ká gba ohun tí wọ́n bá fún wa ká máa lọ. Wọn ò wò mí. Mo fẹ́ lanu. Mo gé orógbó náà wẹ́wẹ́ sẹ́nu, kíkorò ẹ̀ sì gba gbogbo orí mi. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí Alága béèrè, jẹ́jẹ́ báyìí, bí ẹni pé ìtàn Àlàbá náà ni wọ́n ṣì ń gbọ́:

“Tí ẹrù bá ti wọ̀ yín lọ́rùn jù, sà, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?”

Ọ̀gá ò tiẹ̀ rò ó kí wọ́n tó dáhùn. “Ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀kọ tútù létí ọ̀nà. Tó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á dìde, á fi àpótí abẹ́ ẹ̀ fún mi. Á ní, ‘Ọmọ mi, fìdí lé e díẹ̀.’” 

A ò gbọ́ ìyókù ìtàn náà. Ọ̀gá ń wo ojú tábìlì, ọwọ́ wọn ọ̀tún ń wá nǹkan lẹ́yìn, ó ń táràrà, mo sì rí i pé orúnkún wọn ti ń yẹ̀. Àga tó ń yí yẹn ti yí lọ. Máníjà ò tètè rí i. Alága ló yí tábìlì po, tí wọ́n di àga náà mú ṣinṣin. Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ kan tó máa gún ọ̀gá dọ́kàn. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ti sọ ọ́, màá sì ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Alága ní, “Ẹ rọra, sà. Ẹ rọra jókòó.”

Ọ̀gá jókòó. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí àwa mẹ́ta tá a ṣì wà lórí ìdúró, pẹ̀lú Ìyàwó tó gbé orí lé mi léjìká.

“Ẹ jókòó,” wọ́n ní.

A ò jókòó.

“Mo ní kí ẹ jókòó. Níbí yìí, àti níbi iṣẹ́ náà.”

Ìgbà yẹn ni Alága fi ojú pè wá pé ó yá. Ìdí Ìyàwó kan àga báyìí, omijé bọ́ lójú ẹ̀. Mo rò pé ìyẹn ti parí ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni dúnàádúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní kì í ṣe àga ọjà la máa jókòó lé. Àwọn tó bá ti lábùkù tí wọn ò lè tà, ká mú nínú ìyẹn. Alága gbà. Ọ̀gá ní bí iṣẹ́ bá fi lè dín kù, àwọn á gba àga padà. Alága ní bí ẹnikẹ́ni bá sùn lẹ́nu iṣẹ́, ẹgbẹ́ fúnra ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pè é jókòó. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, wọ́n gbà. Ibi tó ti le ni ìgbà tí Alága ní kí wọ́n sọ ọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé Ìyàwó ò ṣẹ̀.

“Kò ṣẹ̀ báwo?” lọ̀gá ní. “Ṣebí wọ́n wá bẹ̀ mí!”

“Wọ́n bẹ̀ yín torí pé àgbà ni yín, sà. Ẹ̀bẹ̀ iyì lẹ gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ọmọ yìí lára, kó má baà jẹ́ pé tó bá bímọ tán tó padà dé, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ máa nàka sí.”

Ọ̀gá wo máníjà. Máníjà wo ilẹ̀. Ọ̀gá ní, “Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́,” wọ́n sì sọ ọ́ kó tó di pé a ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n rìn wá síbi iṣẹ́ wa, wọ́n ní kí ẹ̀rọ dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní kedere pé Ìyàwó ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi o, mi ò rí irú ẹ̀ rí: kí ẹni tó lówó tó báyẹn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń gé ike fún un, kí ó má sì sí ẹni tó ṣubú nínú àwọn méjèèjì.

Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin ọ́fíìsì yẹn àti ibi iṣẹ́ wa ni mi ò tíì sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí a ṣe jáde tí ilẹ̀kùn pa dé, a yà sí ọ̀nà kékeré tí wọ́n ń kó páálí sí. Mo ti ń fò fáyọ̀, mo ti fẹ́ sáré lọ sọ fáwọn yòókù. Mo wẹ̀yìn, Alága ò tẹ̀ lé mi. Wọ́n ti fi ọwọ́ kan ògiri. Mo rò pé wọ́n fẹ́ tún bàtà wọ̀ ni. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri náà, díẹ̀díẹ̀, títí ìdí wọn fi kan sìmẹ́ǹtì, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ń gbọ̀n bí ewé. Ìyàwó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn ẹ̀, ó bọ́ bàtà wọn. Ẹsẹ̀ náà wú débi pé okùn bàtà ti lẹ̀ wọnú ara. Ó gbé e lé itan ẹ̀, ó ń rọra fọwọ́ pa á. Ojú wọn ti pa dé, òógùn bò wọ́n.

Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú wọn. Mo ní, “Màmá, ká ní ọ̀gá ò jókòó ńkọ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọn ò lajú.

“Ọmọ mi, ká ní wọ́n tún dúró díẹ̀ sí i, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ jókòó.”